Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ n'Ífẹ̀ láìsí ìyá yín nítòsí

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má kàn gbọ́mọ pọ̀n kẹ́ ẹ máa lọ. Àwọn tẹ́ ẹ bá pàdé nígbà tọ́mọ pé ọ̀sẹ̀ 6 náà lẹ máa tún rí tó bá pé ọ̀sẹ̀ 10 àti 14, torí ẹgbẹ́ lọmọ yín. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó bá ń gbé ládùúgbò yín.

Bí mo ṣe rí màmá kan ní Lágere nìyẹn. Lóru ọjọ́ tí ara ọmọ mi gbóná janjan, ó sáré dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò bára mu. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé wa dé ọsibítù. Ṣakí ni ìyá tèmi wà, orí fóònù ló ti ń ṣàdúrà. (Àgbo tó ní kí n fún ọmọ, mi ò fún un o.)