Bí mo ṣe tan Secure Boot láìjẹ́ kí wọ́n nu díìsì mi

Owó dátà ló ń dùn mí jù. Owó kékeré kọ́ ni mo fi dánlódù Battlefield 6, àfi bí géèmù ọ̀hún ṣe kọ̀ tí kò ṣí, ó ní àfi kí n tan Secure Boot, ìyẹn ààbò tó ń yẹ ohun tó ń gbé Windows dìde wò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún un ṣe ládùúgbò wa. Kò tíì tan án rárá tó fi ní ₦25,000 ni, pé òun máa nu díìsì mọ́, òun á wá fi Windows tuntun sí i. Fọ́tò ìsìnkú ìyá àgbà wà níbẹ̀! Mo gbé ẹrù mi, ó di ilé.

Kò sídìí tó fi yẹ kó nu nǹkan kan. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ msinfo32, kí ojú ewé ìròyìn nípa kọ̀ǹpútà yín lè ṣí. Tí ẹ bá rí Legacy níwájú BIOS Mode, MBR ni díìsì yín máa jẹ́, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín díìsì, tí kò bá Secure Boot mu. Mbr2gpt, irinṣẹ́ kan tó ti wà nínú Windows 10 láti ẹ̀dà 1703, á sọ ọ́ di GPT, ọ̀nà tuntun tó bá a mu, láìfọwọ́ kan fáìlì, bí díìsì náà ò bá ti pín ju ọ̀nà mẹ́ta lọ. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ da fáìlì yín sí ibòmíràn, kí iná má sì lọ lẹ́nu iṣẹ́. Inverter ni mo fi ṣe tèmi. Lẹ́yìn náà mo wọ BIOS, ìyẹn sẹ́tìn tó ń ṣí kí Windows tó dìde, mo pa CSM tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dìde lọ́nà àtijọ́, mo tan fTPM, ààbò inú AMD (PTT ni ti Intel), mo tan Secure Boot.

Ibí yìí ló ti fẹ́ dà mí lórí rú. BIOS kọ Enabled gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké, ó kọ Not Active. Mo pa á, mo tún un tan, ibi pẹlẹbẹ náà ló ń fi lélẹ̀. Msinfo32 náà ní Off. Gbogbo fídíò tí mo wò, wọ́n á ní "ẹ tan án", ó parí nìyẹn. Mo ti ń ṣírò owó bọ́ọ̀dù tuntun.

Àṣé kọ́kọ́rọ́ ni kò sí nínú rẹ̀! Kọ́kọ́rọ́ yìí ni Secure Boot fi ń yẹ ìbuwọ́lù ohun tó ń gbé Windows dìde wò. Bí kò bá sí, Setup Mode ló máa wà, kò ní lè yẹ nǹkan kan wò. Mo yí Secure Boot Mode sí Custom, mo tẹ Restore Factory Keys, mo dáhùn Yes, mo dá a padà sí Standard, mo tẹ F10. Nígbà tó dìde, Active! Msinfo32 náà ní On. Igbe tí mo ké, ìyàwó mi sáré wọlé ni.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, fọ́tò kankan ò sọnù. Síbẹ̀ inú ń bí mi pé bọ́tìnnì kan péré ló ń dà mí láàmú, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi géèmù Valorant ṣeré lórí Windows 11, sẹ́tìn kan náà ni. Tí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti díìsì pa, bá wà lórí tiyín, ẹ dá a dúró ná kí ẹ tó wọ BIOS, kí ẹ sì kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ (recovery key), tó ní dígíìtì 48, sínú ìwé, torí ó lè bèèrè rẹ̀ kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé.