Bí a ṣe ń wá sikọ́láṣíìpù fún ìwádìí ewéko, kí òdòdó tó rẹ̀ dànù

Àwọn tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti ṣèwádìí ewéko pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Botanical Society of America, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko ní Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1893, wà níbẹ̀, California Native Plant Society, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ewéko ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ California tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, náà wà níbẹ̀, ká má tíì sọ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Ẹ kọ́kọ́ ka ẹni tí wọ́n fẹ́ fún, torí òmíràn á ní kí ẹ kọ́kọ́ di ọmọ ẹgbẹ́, òmíràn sì rèé, ewéko agbègbè tiwọn nìkan ló ń náwó lé. Fọ́ọ̀mù ò le. Lẹ́tà ìjẹ́rìí, ẹ tètè bẹ ọ̀gá yín, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ kọ há a lọ́wọ́ kó má baà máa ronú ohun tó máa sọ.

Ìbéèrè yín ni kẹ́ ẹ jókòó tì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ pé "mo fẹ́ ṣèwádìí àwọn ewé inú igbó", ó tán. Ewé wo? Kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀? Ẹ mú ewéko kan, ẹ bi ìbéèrè kan tí ẹ lè fojú rí ìdáhùn ẹ̀ láàárín àsìkò kan: kòkòrò wo ló ń bà lé òdòdó ẹ̀, àbí ṣé ó máa ń so níbi tí oòrùn ti ń pa á ju abẹ́ ibòòji lọ.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ewéko ò mọ ọjọ́ tí owó ń jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òdòdó yẹn fi ń yọ, tí owó wá dé lẹ́yìn tó ti rẹ̀ dànù, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, skúùlù ò sì ní dúró dè yín. Ẹ má gbára lé oṣù tí ìwé kọ nìkan. Ẹ lọ sórí GBIF tàbí iNaturalist, ìkànnì tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ewéko àti ẹranko tí èèyàn rí sí, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ọjọ́ tí wọ́n rí ewéko náà wà níbẹ̀, ẹ to àwọn oṣù ọ̀hún sílẹ̀. Ẹ ṣí àwòrán náà wò o, torí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ewé lásán, òdòdó ò sí lórí ẹ̀. Tí owó bá máa pẹ́, ẹ yí ìbéèrè yín sí èso tàbí irúgbìn, tàbí kí ẹ lo ewéko gbígbẹ tí wọ́n tọ́jú sí herbarium, ìyẹn kì í rẹ̀ dànù ní tiẹ̀.

Pámíìtì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti já ewéko, náà lè pẹ́ ju owó lọ, pàápàá níbi tí ìjọba ń dáàbò bò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀, inú àwọn tó ń kà á máa ń dùn sí i. Tí ewéko bá máa kọjá bọ́dà, ẹ wo òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n, àti Nagoya Protocol, àdéhùn lórí lílo ewéko àti ohun abẹ̀mí orílẹ̀-èdè mìíràn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì: ohunkóhun tí kò bá sí nínú àlàyé iṣẹ́ yín, ẹ yọ ọ́. Kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ gbàgbé ẹ̀. Owó mọ́tò, silica gel tó ń fa omi ara ewé gbẹ, owó àyẹ̀wò DNA, ìyẹn yé wọn. Ẹ má ra ohun tí wọ́n fi ń tẹ ewé gbẹ, pákó méjì, páálí, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti okùn ti tó, kẹ́ ẹ ṣáà máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà tó bá ti tutù. Pẹ́ńsùlù lẹ máa fi kọ̀wé nínú igbó, torí òjò ò lè fọ̀ ọ́ bíi ti báírò, kẹ́ ẹ sì kọ àwọ̀ òdòdó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí tó bá gbẹ tán á pàwọ̀ dà. Orúkọ Látìnì ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí Plants of the World Online, ìkànnì Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní London, kí orúkọ àtijọ́ má lọ wọ inú fọ́ọ̀mù.

Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìparí, torí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá sì fún yín, ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, wọ́n máa bèèrè ẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn iṣẹ́ yín.