Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Òṣìṣẹ́ Yín Kí Ọkàn Wọn Lè Balẹ̀

Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ní Àkúrẹ́ rò pé ìrẹsì tí àwọn ń pín nígbà Kérésì ti tó láti fi tọ́jú òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ọdún tó dé, owó oṣù tí kò ní ọjọ́ àti iṣẹ́ tí kò ní ìsinmi á ti dá oorun mọ́ wọn lójú. Ẹ kọ́kọ́ yan ọjọ́ tí ẹ ó máa san owó, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù 3 láti fi ìwé yìí lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀.

Lẹ́yìn owó, ìsinmi ló kàn, òun sì ni kí ẹ mójú tó jù. Ní ilé búrẹ́dì kan tí mo ti bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ rí, páànù gbígbóná yọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní ìdájí bó ṣe ń fà á jáde nínú ààrò, ó sì jó o ní ọrùn ọwọ́. Ọ̀gá ní àìbìkítà ni. Nígbà tí mo ṣí ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí bí wọ́n bá wọlé, mo rí i pé òru kẹsàn-án tó ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí òṣìṣẹ́ sinmi ọjọ́ kan gbáko nínú ọjọ́ 7, kí ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lóòjọ́ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ ìsinmi kálukú sára pátákó tí gbogbo ènìyàn ń rí, nítorí ìsinmi tó bá wà lẹ́nu máńjà nìkan kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Ẹ máa san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù fún àjọ NSITF, tó ń san owó fún ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe. Ẹ má yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́.

Obìnrin tó bá fẹ́ bímọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ẹni tó bá sì ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba ìdajì owó rẹ̀, ó kéré tán. Bó bá padà tó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú, òfin fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ìdajì wákàtí ti Alágbàká lọ sí Ọba-Ilé, kó fún ọmọ lọ́mú, kó sì padà? Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ pa méjèèjì pọ̀ kó lè tètè máa lọ sílé, tàbí kí ẹ wá yàrá kan tí wọ́n á ti máa gbé ọmọ wá bá a. Níkọ̀kọ̀ ni kí ẹ bi í, kì í ṣe níwájú oníbàárà.