Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí Ń Sọ Àwọn Àgbàlagbà Di Èrò Ọsibítù

Bí wọ́n bá gbé àgbàlagbà kan dé ọsibítù lóru, ohun tí àwọn ọmọ sábà máa ń sọ fún dókítà ni pé ara wọn le títí di àná. Ọ̀rọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jóòótọ́. Ní 1993, Chad Boult àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí a ṣe lè tètè mọ àwọn àgbàlagbà tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá dúró sí ọsibítù léraléra. Ìbéèrè mẹ́jọ péré ni wọ́n gbé e kà: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, bí ẹni náà ṣe rí ìlera ara rẹ̀ sí, bóyá ó ti sùn ní ọsibítù láàárín ọdún tó kọjá, bóyá ó ti rí dókítà ju ìgbà mẹ́fà lọ láàárín ọdún náà, bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà, bóyá ó ní àrùn ọkàn, àti bóyá ẹnìkan wà tí ó lè tọ́jú rẹ̀ bí àìsàn bá dé. Kò sí èyí tí ó gba ẹ̀rọ ńlá nínú wọn. Ohun tí ojú lè rí ni wọ́n, wọ́n sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ṣáájú òru tí wọ́n gbé ẹni náà. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kọ nípa wọn níhìn-ín ni àwọn tí kì í jẹ́ kí a rí wọn.

Àkọ́kọ́ ni kí a máa fi ìkíni ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí London á pe ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ní ọjọ́ Àìkú, á ní, "Mọ́mì, ṣé ara le?" Ìyá á dáhùn pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ìyá tí yóò dáhùn lọ́nà mìíràn ṣọ̀wọ́n, kódà bí orúnkún rẹ̀ bá wú tí kò sì fojú kan oorun mọ́jú, nítorí ìkíni ni ó gbọ́, ìkíni náà ni ó sì fi dá ọmọ lóhùn. Ohun pàtó ni kí ẹ béèrè. Ta ni ó lọ ra ata lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí ilé ni ẹ wà? Kí ni ẹ jẹ lánàá, ṣé ẹ sì jẹ ẹ́ tán? Bí ìyá tí ó ń dá ọjà ná ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn bá ti ń rán ọmọ aládùúgbò, tí aṣọ sì ti ń ṣò lọ́rùn rẹ̀, ara kò le, ohun yòówù kí ó sọ lórí fóònù.

Èyí tí ó léwu ju ìyẹn lọ ni kí a máa ka ohun gbogbo sí ọjọ́ ogbó. Bàbá tí orí rẹ̀ pé ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n tí ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Ọjọ́rú, tí ó ń sùn lọ́sàn-án tí ó sì ń rìn kiri lóru, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán láàárín ọjọ́ méjì. Arán kì í yára bẹ́ẹ̀; oṣù àti ọdún ni ó fi ń yọ́ wọlé. Iyè tí ó dàrú lójijì lè jẹ́ àmì òtútù àyà, tàbí ti kòkòrò àrùn nínú àpò ìtọ̀, ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀, omi ara tí ó gbẹ, tàbí oògùn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Ẹ má ṣe dúró de ibà, nítorí ara àgbàlagbà lè máà gbóná rárá bí òtútù àyà tilẹ̀ ti wọlé. Àwọn ẹbí mìíràn á kọ́kọ́ máa wá ẹni tí ń fi ayé ṣe wọ́n. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n rí dókítà.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ó gba àlàyé jù. Ẹ lọ wo inú ọ̀rá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn. Amlodipine tí dókítà kọ fún ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀. Amlodipine kan náà tún wà níbẹ̀ nínú páálí mìíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ mìíràn, tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, wọ́n sì ń lo méjèèjì. Lasix, oògùn tí ń mú ni tọ̀, tún wà níbẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ wọn wú. Amlodipine fúnra rẹ̀ máa ń mú ẹsẹ̀ wú, ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n béèrè, oògùn mìíràn ni wọ́n fi lé e. Lasix wá ń jí wọn láti lọ tọ̀ lóru, iná kò sí, omi wà lórí táìlì, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìró mú, wọ́n sì yọ̀ ṣubú. Egungun ìbàdí tí ó dá ni yóò gbé wọn dé ọsibítù, gbogbo ilé á sì máa bú táìlì. Lára àwọn tí ó ti kọjá ọdún 65, ó tó ẹnìkan nínú mẹ́ta tí ń ṣubú lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ gbé ọ̀rá náà látòkèdélẹ̀ lọ bá dókítà kí ìṣubú tó dé. Ní Ìbàdàn, UCH ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n dìídì kọ́ fún àwọn àgbàlagbà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012.

Àwọn oògùn kan wà tí ó yẹ kí ẹ fura sí bí ẹ bá ti rí wọn. Àkọsílẹ̀ tí dókítà Mark Beers ṣáájú àwọn tí ó gbé e jáde ní 1991, tí wọ́n ṣì ń tún ṣe títí di òní, kìlọ̀ nípa diazepam, ìyẹn Valium, nípa chlorpheniramine tí a mọ̀ sí Piriton, àti nípa glibenclamide, ìyẹn Daonil, tí ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ gidigidi lára àgbàlagbà tí kò jẹun tàbí tí ó ń gbààwẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Dókítà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì nítorí pé ẹ̀rọ ti fi hàn pé ó wálẹ̀. Oògùn ni ó dì í mú. Bí wọ́n bá dá a dúró, yóò tún gòkè, rọpárọsẹ̀ kì í sì í kìlọ̀.

Ti orúnkún ńkọ́? Àwọn oògùn ìrora bíi diclofenac, ibuprofen àti piroxicam tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì láìgba ìwé lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá bí wọ́n bá ń lò wọ́n pọ̀ mọ́ lisinopril, tí í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti oògùn tí ń mú ni tọ̀. Wọ́n tún lè dá egbò sí ikùn tí yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ á sì dúdú bí ọ̀dà. Bí wọ́n bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Inú rere náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Bí a bá ní kí ìyá má gbálẹ̀ mọ́, kí ó má lọ sí kíṣìnì, kí ó ṣáà jókòó, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa yọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ sì ṣọ́ omi mímu, nítorí òùngbẹ kì í gbẹ àgbàlagbà tó bí ó ti yẹ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń sá fún omi kí wọ́n má baà dìde lóru. Owó tí a ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù kò sì lè dípò ẹni tí yóò sùn nínú ilé náà.

Ìgbà tí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀ ní ọsibítù ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń sinmi, ìgbà yẹn gan-an ni kò sì yẹ kí wọ́n sinmi. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2009 lórí àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ọsibítù lábẹ́ Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní pàtàkì fún àwọn àgbàlagbà, fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún wọn tí wọ́n tún dá padà sí ọsibítù láàárín 30 ọjọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ oògùn tí wọ́n fi kún un, èyí tí wọ́n yọ, àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ gba ọjọ́ tí wọn yóò padà wá fún àyẹ̀wò. Bí ẹ bá sì ti délé, ẹ kó èyí tí wọ́n yọ kúrò nínú ọ̀rá náà kí wọ́n tó sùn lọ́jọ́ náà.