Kókó Nínú Ọlọ Inú: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Wọ́n Tó Yọ Ọ́

Bí wọ́n bá ya àwòrán ikùn yín nítorí ohun mìíràn, tí èsì wá sọ pé kókó wà nínú ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó sápamọ́ sábẹ́ ìhà òsì, lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ẹ má tíì fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ. Lára ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ níbòmíràn, tí nǹkan kan kò sì ṣe é, irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ.

Àwòrán àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwòrán gan-an ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ìwé èsì nìkan, nítorí ẹni tó kọ èsì ìgbà yẹn lè má kọbi ara sí ọlọ inú. Kókó tó wà bó ṣe wà fún ọ̀pọ̀ ọdún ti jẹ́rìí ara rẹ̀ pé ó ṣòro kó jẹ́ jẹjẹrẹ.

Bí kò bá sí ti àtijọ́, ẹ béèrè fún MRI, àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ òòfà ń yà, tí wọ́n á fa oògùn amáwòrán-hàn sí iṣan fún. Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Bí oògùn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọlọ inú tó dá ṣáṣá pàápàá máa ń rí abilà; ó di nǹkan bí 70 ìṣẹ́jú àáyá kó tó dọ́gba. "Kókó" tí àwòrán àkọ́kọ́ nìkan fi hàn lè má sí rárá, nítorí náà ẹ rí i pé wọ́n yà á léraléra.

Nínú àwọn kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, hemangioma, ìdì iṣan ẹ̀jẹ̀, ló wọ́pọ̀ jù. Ó máa ń funfun lórí T2, ọ̀kan lára oríṣi àwòrán tí MRI ń yà. Àpò omi kéékèèké ni lymphangioma, oògùn amáwòrán-hàn kì í wọnú rẹ̀. Hamartoma jọ ọlọ inú fúnra rẹ̀ débi pé ojú lè fò ó. SANT, kókó mìíràn tí wọ́n fún lórúkọ yìí ní 2004, máa ń dúdú lórí T2, oògùn á máa ti etí wọ̀ ọ́ bí sípóòkù kẹ̀kẹ́. Ó lè tàn yòò bíi jẹjẹrẹ lórí PET, àwòrán tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ dókítà jẹ. Littoral cell angioma, kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ mìíràn, máa ń pọ̀ káàkiri inú ọlọ inú. Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n wo ara yòókù, torí jẹjẹrẹ mìíràn lè bá a rìn.

Bí àwòrán kò bá yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín mú díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídà ni ewu rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n ka platelet, ìyẹn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì, kí wọ́n sì wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì ṣáájú. Bí ẹ bá yàn láti máa ṣọ́ ọ, ẹ tún MRI ṣe lẹ́yìn oṣù 6 àti 12. Ìrora òjijì ní ìhà òsì tó ń ta dé èjìká òsì, pẹ̀lú òòyì, lè jẹ́ pé ọlọ inú ti bẹ́: ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìdí tó tó láti yọ ọ́ ni ìrora tí kò lọ, kókó tó ń dàgbà, platelet tó ń wálẹ̀, tàbí ìfura jẹjẹrẹ tí kò tán. Ẹ béèrè bóyá apá kan ṣeé gé. Bí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa yọ, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn kòkòrò àrùn mẹ́ta, pneumococcus, meningococcus àti Hib, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, nígbà tí ọlọ inú ṣì wà láti ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ara bá gbóná tó 38°C, kódà lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ lè pa ẹni tí kò ní ọlọ inú láàárín wákàtí díẹ̀.