Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́: bí mo ṣe jáwọ́ nínú ọtí

Télọ̀ ni mí ní Abẹ́òkúta. Agbádá àti bùbá ọkùnrin ni iṣẹ́ mi. Òwú ló tú àṣírí mi fún ara mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo fẹ́ fi òwú sí abẹ́rẹ́, kò wọlé. Mo fi itọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, mo tún gbìyànjú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ewé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ mi, kò sọ nǹkan kan, ó fi òwú sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dá a padà fún mi, ó sì kọjú sí ògiri kí ojú má baà tì mí. Mo bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi eyín ya ọtí ọ̀rá kan, mo gbé e mì. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi dúró. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ti di pé ọtí nìkan ló lè mú ọwọ́ tí mo fi ń jẹun dúró.

Lásìkò náà, ọ̀rá mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni mò ń mu lójúmọ́, yàtọ̀ sí paraga ìrọ̀lẹ́ àti bíà òde àríyá. Ọ̀rá yẹn kéré, àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò kéékèèké ní oṣù kejì ọdún 2024, mo yọ̀. Mo ní tí wọn ò bá tà á mọ́, n ò ní rí i mu. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sún ọjọ́ síwájú, orí àtẹ kò sì ṣófo lọ́jọ́ kan ládùúgbò wa. Mo wá rí i pé tí mo bá ń retí kí ọtí kọ́kọ́ tán nígboro, èmi ni n ó kọ́kọ́ tán.

Mo fúnra mi jáwọ́ nínú ọtí nígbà àkọ́kọ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Bíbélì lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo da gbogbo èyí tó kù nílé sínú ṣáláńgá. Títí di alẹ́ ọjọ́ kejì, òógùn ti bo mí, àyà mi ń lù kìkì, mo ń rí èèrà tó tò lọ lára ògiri, bẹ́ẹ̀ kò sí èèrà kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, n ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ló sọ fún mi pé ara mi le gbagidi, gìrì gbé mi, ẹnu mi ń hó. Àwọn ará ilé ń wá ṣíbí tí wọ́n máa fi la ẹnu mi. Ọlọ́run ló ní kí ẹnì kan nínú wọn pe mọ́tò.

Nílé ìwòsàn, dókítà kò bú mi. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọpọlọ ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ ti mọ́ra pẹ̀lú ọtí tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Tí a bá gbé ọtí kúrò lójijì, ṣe ni yóò ta gìrì bí ẹṣin tí ìjánu rẹ̀ já. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni gìrì sábà máa ń dé. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni orí ẹlòmíràn ń dàrú pátápátá, èèyàn sì lè gbabẹ̀ kú. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, wọ́n ń dín in kù lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ń gún mi ní abẹ́rẹ́ fítámì B1, nítorí ọtí kì í jẹ́ kí ó dúró lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún láàárọ̀ kí ara yín tó lè balẹ̀, ẹ má jáwọ́ lójijì nílé láìrí dókítà. Èmi ò mọ̀, ó kù díẹ̀ kí n fi ìbejì mi sílẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n ní kí n máa wá rí àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ, mo kọ̀. Ará Abẹ́òkúta ni mí. A mọ ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n bá rí èèyàn lójú ọ̀nà Arò, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ wà. Nọ́ọ̀sì kan, ìyá àgbàlagbà, ló jókòó tì mí. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tí Dókítà Lambo ṣe ní Arò?” Mo ní rárá. Ó ní láti ọdún 1954 ni Adéoyè Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiwa, ti ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ìbátan wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Kò tì wọ́n mọ́lé, àárín èèyàn ló fi wọ́n sí. Ìyá náà ní, “Ìwọ lo ti ara rẹ mọ́lé. Ta ló mọ̀ pé ò ń mu tó báyìí?” N kò rí èsì fọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ìyàwó mi pàápàá, ìdajì ló mọ̀.

Nọ́ọ̀sì náà ló júwe àwọn kan fún mi tí wọ́n ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa mẹ́fà péré. Wọn kì í bi èèyàn ní orúkọ bàbá rẹ̀, wọn kì í gbowó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ, àwọn yòókù á gbọ́, ẹnikẹ́ni kì í wàásù. Ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀, a máa ń pè é ní Alhaji. Awakọ̀ tírélà ni tẹ́lẹ̀, inú kẹ́ẹ̀gì omi rédíétọ̀ ló máa ń fi ògógóró pamọ́ sí. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ó ní ìtìjú tòun jẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí ẹni tó ti dé Mẹ́kà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu òun.

Alhaji ló sọ bí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀nà tiwọn náà ni à ń tọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, Bill Wilson, oníṣòwò ará New York, wà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà. Òwò tó bá débẹ̀ ti forí ṣánpọ́n, ó dá wà, ó sì ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń mutí nílé ọtí hòtẹ́ẹ̀lì náà. Dípò kó wọlé tọ̀ wọ́n, ìdí tẹlifóònù ló lọ. Ó ń pe àwọn pásítọ̀ ìlú náà kiri, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọ̀mùtí mìíràn tóun lè bá sọ̀rọ̀. Bó ṣe di pé ó pàdé Dókítà Bob Smith nìyẹn, oníṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n kà sí ọjọ́ tí Dókítà Bob mutí kẹ́yìn: bíà kan tí Bill fún un láàárọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró, torí ó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí mo gbọ́ ibi ọwọ́ yẹn, mo wo ọwọ́ mi lórí itan mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ òwú àti abẹ́rẹ́ jáde lẹ́nu.

Tí ìpàdé bá tán, Alhaji kì í jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé, “Aago mélòó ló máa ń pè ọ́ jù?” Mo ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ, iná ti lọ, màmá alápara­ga òdìkejì ọ̀nà ti tan fìtílà rẹ̀. Ó ní, “Má ronú kan ọ̀la. Má ronú kan Kérésì. Aago mẹ́fà ààbọ̀ títí di aago mẹ́jọ, ìyẹn nìkan ni kí a jọ gbé.” Láti ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ mi, á da agolo bọ́tìnnì mi sílẹ̀, á máa ṣà wọ́n: funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, oníhò méjì, oníhò mẹ́rin. Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn a kì í sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá síra wa. Tí kò bá lè wá, á pè mí, èmi náà á gbé fóònù sétí títí ara mi á fi rọ̀. Ó lé ní ogójì ọjọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gbààwẹ̀ rí, wọ́n ti gbàdúrà fún mi rí, mo sì mọ rírì rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó bá mi jókòó rí.

Ó kọ́ mi láti jẹun kí aago mẹ́fà tó lù, nítorí ebi máa ń gbé aṣọ òùngbẹ ọtí wọ̀. Ó ní ebi, ìbínú, ìdáwà àti àárẹ̀, tí ọkàn bá ti fà sí i, kí n kọ́kọ́ wo èwo nínú mẹ́rin yìí ló wà nílé. Orógbó máa ń wà lápò mi di báyìí.

Ti òde àríyá ni mo fúnra mi wá ojútùú sí. “Mi ò mu” kò tó. Wọ́n á ní ẹyọ kan ò pa èèyàn. Mo rántí bàbá bàbá mi, tó jẹ́ olóòṣà. Ẹmu kì í kan ètè rẹ̀, nítorí ìtàn bí Ọbàtálá ṣe mu ẹmu yó tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ayé ṣe. Bí wọ́n bá gbé ọtí sí mi báyìí, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, “Èèwọ̀ mi ni.” N kò rí Yorùbá kan tó tún bá mi jà lé e lórí. Irọ́ kọ́ ni mo pa.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo ṣubú. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ife méjì. N kò bi wọ́n bóyá omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ tàbí ọtí. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu kí ife kìíní tó tán, mo sì mu èkejì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọ̀rá mẹ́ta ti wọnú mi. Mo pa fóònù. Alhaji wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá mi níbi tí mo sùn sí lórí aṣọ oníbàárà. Mo ń sunkún pé ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta ti ṣòfò. Ó ní, “Kò sí èyí tó ṣòfò níbẹ̀. O gbé wọn. Dìde, a ó ka òní ní ọ̀kan.” Ó bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n lè wò mí bóyá ara mi á tún fẹ́ ta gìrì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo sọdá lọ bá màmá alápara­ga. Mo san gbogbo gbèsè tí mo jẹ wọ́n. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá rán ọmọ wá, ẹ má tà fún un. Bí èmi gan-an bá wá, ẹ lé mi.” Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ń fi etí ìró wọn nu ife kan ṣoṣo, wọ́n nù ún títí. Wọ́n ní ọkọ àwọn ni ọtí pa. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á juwọ́ sí mi pé kí n padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fúnra mi, n kò tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu mọ́. Mo ṣì ń lọ ní Tọ́sìdeè. Bí mo bá wọlé lálẹ́, ìyàwó mi máa ń súnmọ́ mi dáadáa kó tó sọ pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀.” Mo mọ ohun tó ń gbóòórùn rẹ̀. N kì í bínú, n kì í sì í yẹ orí. Mo máa ń dúró sójú kan lẹ́nu ilẹ̀kùn títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.