Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ́ìlì mẹkáníìkì pa ajá lára mọ́

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Tí ara ajá bá ti ń yún un, tí irun ẹ̀ ń re, ọ̀pọ̀ wa á lọ gba ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì fẹ́ dà nù, a ó fi pa á látorí dé ìrù. Wọ́n ṣe é fún ajá ẹ̀gbọ́n mi kan ní Takie, mo débẹ̀ lọ́sàn-án mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tó ń lá ara ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ti dúdú, ó ń bì, awọ ikùn ẹ̀ pọ́n yòò. Oró ló ń lá yẹn o! Kòkòrò kékeré tójú ò lè rí ló sábà máa ń fa irú ẹ̀, abẹ́ awọ ló ń gbẹ́ ihò sí, oògùn ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ tètè gbé e lọ torí ó lè ran èèyàn inú ilé náà.

Ẹ má fún ológbò ní parasitámọ́ọ̀ rárá, hóró kan péré lè pa á.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni dìgbòlugi. Àwọn kan á ní "ajá tèmi kì í jáde, abẹ́rẹ́ kí ló fẹ́ gbà?" Ajá tó ń gba abẹ́ géètì lọ sórí ààtàn lóru ńkọ́! Tó bá ti pé oṣù 3, ẹ jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ máa tún un gbà bí dókítà bá ṣe sọ, ọ̀pọ̀ ń gbà á lọ́dọọdún. Tí ajá bá sì bu èèyàn jẹ, ẹ má fi epo pupa tàbí àgbo sójú egbò, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí inú itọ́ ajá ni àìsàn yẹn wà, tó bá sì ti fi lè hàn lára èèyàn, ikú ló kù.

Ṣéènì tẹ́ ẹ fi ń so ajá mọ́lẹ̀ látàárọ̀ náà ńkọ́? Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu tó yà sílẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yẹn ló fi ń tu ara ẹ̀, ẹ bá a gbé omi sítòsí. Ẹ sì padà lọ wò ó lọ́sàn-án, torí ibi tẹ́ ẹ so ó sí láàárọ̀ tó jẹ́ abẹ́ ibòji máńgòrò, tó bá fi máa di aago 2 oòrùn ti gbà á.